Fílámẹ́ǹtì tutù, túùbù ẹ́síréè ṣì ń sán: níbo ni ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti ń jáde?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá mi là á yé.

Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan níbí ní Kubwa. Ẹ̀rọ ẹ́síréè kan ṣoṣo la ní, túùbù inú rẹ̀ sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà Kérésì, a ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Tí a bá ti pẹ́ báyìí, àṣà wa ni pé a máa ń kọ́kọ́ mú túùbù lọ́ra: a ó fi 60 kV yìn ín (kV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún fóòtì iná), a ó sinmi, a ó fi 70 yìn ín, a ó tún sinmi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé òkè. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè tí a wọlé, èrò ti kún ìta, ọ̀gá sì ní ká má fi àkókò ṣòfò. Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, egungun ìbàdí ni wọ́n fẹ́ ká yà láti ẹ̀gbẹ́. A lọ tààrà sí 110 kV. Mo kàn gbọ́ "káú!" nínú àpótí túùbù, bí ìgbà tí wọ́n fi igi lu páànù. Brẹ́kà já, gbogbo iná ojú ẹ̀rọ kú.

Ẹnjiníà tó ta ẹ̀rọ fún wa gòkè wá láti Èkó. Ó tan án, ó tún já. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló dá ìbéèrè yìí sílẹ̀. Ó yọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí fílámẹ́ǹtì, ìyẹn okùn irin tín-ín-rín tó máa ń gbóná nínú túùbù, fílámẹ́ǹtì wá tutù bí òkúta, ó sì gbé 90 kV lé túùbù náà lórí. Ó tún sán "káú!" Mítà fò lójú mi. Ó ní túùbù ti lọ, ká lọ ra òmíràn. Àwọn ọ̀gá ní èmi ni mo jó fílámẹ́ǹtì, wọ́n sì ti ń gé owó túùbù nínú owó oṣù mi.

Ohun tí mo mọ̀ láti ilé ìwé ni pé fílámẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ gbóná kí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tó lè jáde lára rẹ̀, bí ooru ṣe ń jáde lára omi tó ń hó. Inú túùbù, òfìfo ni, afẹ́fẹ́ kankan kò sí níbẹ̀ tí iná máa gbà kọjá. Tí fílámẹ́ǹtì kò bá wá gbóná, kí ló ń jáde? Láti ibo? Èkejì: túùbù tó ṣiṣẹ́ dáadáa kí Kérésì tó dé, kí ló bà á jẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án?

Wọ́n fún mi ní òkú túùbù náà. Mo fi aṣọ nínípọn wé e, mo fọ́ díńgí rẹ̀, mo sì fi awò àwọn tó ń tún aago ṣe wo ife irin tó gbé fílámẹ́ǹtì dání. Létí ife náà, ní apá tó kọjú sí àwo tí ń yí (ibi tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ń kọlù tí ẹ́síréè fi ń jáde), ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná ti bá jà. Òmíràn ń dán bí ìgbà tí irin yọ́ tó tún dì.

Ìyá Ìbejì, Barnawa

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ya ẹ́síréè ní Kaduna. Mi ò lè ṣàlàyé ti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, ẹni tó mọ̀ ọ́n á dé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mímú túùbù lọ́ra kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló máa ń wà. Nígbà mìíràn, àwo yẹn lásán máa ń là sí méjì tí ooru bá bá a lójijì. Ẹ má sì fọ́ túùbù mọ́. Òfìfo inú rẹ̀ máa ń fa díńgí wọlé, á tú ká bí ọta, ti àwọn tí wọ́n fi ń ya ọmú sì máa ń ní beryllium lójú fèrèsé rẹ̀. Eruku ìyẹn burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bàbá Samaru

Ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín, o kú ìdààmú. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà nídìí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní yàrá ìwádìí físíìsì ní Zaria. Ohun tí o rí létí ife yẹn, mo ti rí i láìmọye ìgbà. Jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kì í ṣe irọ́, apá kan ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kún inú gbogbo irin, wọ́n ń rìn gbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n jáde ni ògiri kan tó wà lójú irin. Lára tungsten, irin tí wọ́n fi ṣe fílámẹ́ǹtì, gíga ògiri yẹn jẹ́ 4.5 eV (eV ni òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń wọn ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù). Tí o bá mú irin náà gbóná ju 2,000 °C lọ, àwọn tó lágbára nínú wọn á fo ògiri. Owen Richardson ló wá òfin rẹ̀ rí, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 1928 fún iṣẹ́ yẹn. Coolidge ní Amẹ́ríkà ló fi fílámẹ́ǹtì gbígbóná sínú túùbù ẹ́síréè ní 1913. Ṣùgbọ́n Röntgen ti rí ẹ́síréè láti 1895. Ọdún méjìdínlógún tó wà láàárín ńkọ́? Irin tútù ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú gáàsì díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú túùbù kó máa kọlu irin náà. Nítorí náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti ń jáde lára irin tí kò gbóná.

Ọ̀nà ti tìrẹ gbà yàtọ̀. Kò sí gáàsì tó tó nǹkan nínú túùbù rẹ, kò sì sí ẹni tó fo ògiri. Ògiri náà ló fẹ́lẹ́. Tí agbára iná bá ń fa ojú irin láti ìta, ẹ̀yìn ògiri á máa dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Bí ìfà náà bá tó bílíọ̀nù mẹ́ta fóòtì ní mítà kan, ìyẹn fóòtì mẹ́ta nínú nánómítà kan, ògiri tó ga ní 4.5 kò ní nípọn ju nánómítà kan ààbọ̀ lọ nísàlẹ̀. Ewúrẹ́ kò lè gba inú ògiri kọjá, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù lè gbà á kọjá. Fowler àti Nordheim ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1928, ìṣirò náà kò sì ní kí irin gbóná rárá.

Mo mọ̀ pé wàá ní: Bàbá, 110 kV tèmi dà? Tí àlàfo ife sí àwo bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì, mílíọ̀nù 5.5 fóòtì ní mítà kan péré ni. Bílíọ̀nù mẹ́ta ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni ṣóńṣó ti wọ ọ̀rọ̀. O mọ̀ pé ṣóńṣó ni iná máa ń rọ́ jọ sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá tí ń gba àrá lórí ilé fi máa ń ní ẹnu mímú. Etí ife tó tẹ̀ kọrọdọ yẹn nìkan lè sọ ìfà náà di ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Lórí etí náà, àwọn ṣóńṣó kan wà tí ojú kò rí, wọn kò ga ju máíkírọ̀n bíi mélòó kan lọ. Irun orí ẹ̀dá nípọn tó nǹkan bíi 70 máíkírọ̀n, kí o fi wọ̀n ọ́n. Bí gíga ṣóńṣó bá jẹ́ ìlọ́po àádọ́jọ ìdajì fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, ìfà tó wà lẹ́nu ṣóńṣó á di nǹkan bí ìlọ́po àádọ́jọ. Bá mi ṣe é: 5.5 lọ́nà 3.5 lọ́nà 150. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta geere.

Ìyẹn nìkan kò tíì lè sán káú. Iná tó ń jò lára ṣóńṣó nígbà yẹn kéré púpọ̀, mítà rẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti di ogun ni pé gbogbo iná yẹn ń gba ẹnu tó tín-ín-rín kọjá. Wáyà 2.5 mm² tí o fi ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ogún ámpíà ni kó gbé. Nígbà tí ṣóńṣó yẹn bá dé ojú ibi tó máa bẹ́, ó ti ń gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ámpíà ní sẹ̀ǹtímítà alópoméjì kan. Ká ní wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ ló rí bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ámpíà ni ì bá máa gbé. Kí ni irin máa ṣe? Kò ní ráyè yọ́ bí irin ti ń yọ́. Láàárín ìdá bíi mélòó kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ẹnu ṣóńṣó á bú gbàmù, á di plasma, èyí tí í ṣe gáàsì tó gbóná dé ibi tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti tú kúrò lára átọ́ọ̀mù.

Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn rò pé bíbú yẹn ni òpin eré: ṣóńṣó ti kú, ó parí. Ní 1966, Gennady Mesyats àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tomsk, ní Siberia, rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ eré ni. Láti inú plasma kékeré yẹn ni ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti ń ya jáde bí omi tó já ìdídò, kò sí ògiri níwájú rẹ̀ mọ́. Mesyats pe ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń jáde ní ecton. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ló wà nínú ẹyọ kan, kò sì ń pẹ́ ju ìdá bíi mélòó kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ó ń fi kòtò tí kò ju máíkírọ̀n mélòó kan sílẹ̀. Irin yíyọ́ á ta sókè létí kòtò náà, á dì bó ṣe ta, ó sì di ṣóńṣó tuntun. Òun náà á bú. Ihò tó ń bímọ ni, ọmọ mi. Àwọn ihò tó pọ̀ dé ibi tí o fi lè fi awò aago rí wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú kòtò bẹ́ẹ̀ ló ti gun ara wọn níbẹ̀.

Plasma náà kì í dúró sójú kan. Ó ń sá lọ síwájú ní nǹkan bí ogún kìlómítà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí o bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu dé Rigasa rí, kìlómítà 186 ni ọ̀nà yẹn. Plasma kò ní lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lójú rẹ̀. Nínú túùbù rẹ, sẹ̀ǹtímítà méjì ni, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ló gbà. Kó tó débẹ̀ rárá, òfin kan wà tí a fi orúkọ Child àti Langmuir pè, tó ń sọ iye iná tí òfìfo lè gbà kọjá: ní 100 kV àti sẹ̀ǹtímítà méjì, ámpíà méjìdínlógún ni lórí sẹ̀ǹtímítà alópoméjì kan. Bí plasma bá ṣe ń sún mọ́ àwo, àlàfo ń dín kù, iná ń pọ̀ sí i. Tí àlàfo bá dín sí ìdajì, iná á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí plasma bá wá kan àwo, kò sí òfìfo mọ́, afárá ti wà. Ẹ̀rọ rẹ sì jẹ́ èyí tí kò ju 200 tàbí 300 mA lọ lójoojúmọ́ (mA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà). Báwo ni brẹ́kà kò ṣe ní já?

Ó ku ti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Kì í ṣe inú ìsinmi yẹn ni ṣóńṣó hù. Wọ́n ti wà níbẹ̀. Fún ọdún mẹ́sàn-án, fílámẹ́ǹtì ń fẹ́ tungsten rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ díńgí (o máa rí i pé inú díńgí ti dúdú bí ìgò tí èéfín mú), ó sì ń lẹ̀ mọ́ ife. Ohun tí ìsinmi ṣe ni pé gáàsì tó sá pamọ́ sínú irin àti díńgí ráyè jáde, ó sì bà lé ojú ife. Ojú irin tí gáàsì bà lé máa ń yá láti gbiná ju èyí tó mọ́ lọ. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 60 kV, tí o ń gòkè díẹ̀díẹ̀, iná kékeré á máa lọ́ ẹnu ṣóńṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, á kújú láìbú, gáàsì á sì kúrò lójú rẹ̀. Tí o bá fi 110 bá a lójijì, gbogbo rẹ̀ á bú lẹ́ẹ̀kan náà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní 1988 a ní abọ́ bàbà méjì nínú agogo díńgí kan, mílímítà kan ló wà láàárín wọn. Èmi fúnra mi ni mo dán wọn títí tí mo fi ń rí eyín mi nínú wọn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ la ń fa afẹ́fẹ́ jáde, tí NEPA bá sì mú iná lọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ní 12 kV, mo rí àmì iná búlúù kan tó fò bí ojú ológbò lórí abọ́ tó jẹ́ káàtóòdù, ìyẹn apá tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti ń jáde. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo dúró, mo tún gbé e. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé 28 kV láìsán. Ọ̀sẹ̀ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kánjú fẹ́ lọ kírun Jímọ̀ gbé e láti òdo sí 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí abọ́ tuntun. Abọ́ yẹn kò gbé ju 15 mọ́ títí tí mo fi tún un dán látòkè délẹ̀. Bàbà kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọwọ́ tó gbé e nìkan ló yàtọ̀.

Ní ti ẹ̀bi: o kò jó fílámẹ́ǹtì. Ẹnjiníà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀, nítorí túùbù sán nígbà tí fílámẹ́ǹtì kò ní iná lára. Ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kọ ọjọ́ tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ọjọ́ tí ẹ ṣí i, iye kV, àti ẹni tó ní kí ẹ má mú un lọ́ra. Túùbù ọdún mẹ́sàn-án ti ń darúgbó, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ìkánjú Mọ́ńdè yẹn ló tì í ṣubú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń já mi láyà. Nígbà tí ẹnjiníà fi 90 kV sán an láìsí fílámẹ́ǹtì, níbo ni ẹ dúró sí? Ẹ́síréè kò bìkítà ibi tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti wá. Èyí tó jáde lára ṣóńṣó tútù, tó fi 90 kV kọlu àwo, ẹ́síréè ló máa bí. Àwọn kan tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irú káàtóòdù tútù tí ń bú yìí ya àwòrán ọta ìbọn lórí ìrìn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ẹ má ṣe rò pé mítà tí kò dúró jẹ́ ẹ́síréè tí kò sí.

Jórinjórin Dei-Dei

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pe ọmọṣẹ́ mi kó wá kà á. Mo ń jó àlùmíníọ̀mù, tánkì ọkọ̀ ló pọ̀ jù. Tí a bá fi iná AC (iná tó ń yí padà léraléra) jó o, ilà funfun kan máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí a jó, bí ìgbà tí wọ́n fi yanrìn fọ̀ ọ́. Tí iná bá ń jó, mo máa ń rí àwọn kókó iná wẹ́wẹ́ tó ń sáré kiri níbẹ̀ bí eèrà tí wọ́n da omi sí ilé rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní "iná ló ń fọ ìdọ̀tí." Ṣé ohun kan náà ni?

Bàbá Samaru

Ìyá ohun kan náà ni, o sì wò ó dáadáa. Nígbà tí iná bá yí padà tí ọ̀pá tungsten di pósítíìfù, àlùmíníọ̀mù ló di káàtóòdù. Ní 660 °C ló ń yọ́, kò lè gbóná dé ibi tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù á ti fo ògiri. Nítorí náà àwọn kókó tó ń sáré yẹn ni ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ń gbà jáde, wọ́n ń bú tẹ̀lé ara wọn lórí èèpo ìdípẹtà tó bo àlùmíníọ̀mù, èyí tí kì í yọ́ àfi tó bá ju 2,000 °C lọ. Bíbú yẹn ló ń ṣí èèpo náà kúrò. Ọ̀gá rẹ kò parọ́.

Tí o bá ń lo tungsten onífìlà pupa, thorium ló wà nínú rẹ̀, ó ń rẹ ògiri 4.5 yẹn sílẹ̀ sí nǹkan bíi 2.6, ìdí nìyẹn tó fi ń gbiná wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n thorium ń tú ìtànṣán. Bo imú nígbà tí o bá ń lọ̀ ọ́ ní ẹnu, kí o má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ rẹ gbá eruku rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Lẹ́yìn tí mo kà á, mo tún gbé ife yẹn sábẹ́ awò. Mo ka ihò mọ́kàndínlógójì ní apá tó kọjú sí àwo. Ní apá kejì tí kò rí àwo, kò sí ẹyọ kan. Inú díńgí sì dúdú bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́.

Ní ti ibi tí a dúró sí: èmi àti àwọn méjì wà lẹ́yìn ògiri olójé. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Mo ti pè é, mo sì ti sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí nítorí fílámẹ́ǹtì kò ní iná. Ó ti gbà láti kọ ìwé náà. Túùbù tuntun ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè. Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, tí mo bá ń mú un gòkè tí ó bá sán díẹ̀ ní 80 ńkọ́, ṣé kí n kọjá lọ sí 90?

Ìyá Ìbejì, Barnawa

Rárá o. Padà sí 70, yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀, kí o sì sinmi láàárín gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Tó bá dákẹ́, tún lọ sí 80. Tó bá tún sán níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pa á, kí o pe ẹni tó tà á kí aláìsàn kankan tó wọlé.